Bí Ológbò Àgbàtọ́ Alátọ̀gbẹ Bá Kú: Ìtọ́sọ́nà fún Ìsìnkú àti Ọ̀fọ̀ Rẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹni tó bá ti tọ́ ológbò alátọ̀gbẹ, ìyẹn èyí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, rí mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ́jọ́ ìsinmi. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì, oògùn tó ń mú ṣúgà ara wálẹ̀, láago 6 àárọ̀, òmíràn láago 6 ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ tí a wọ̀n, omi tí kì í pẹ́ tán nínú abọ́, èèrà tó ń tò lọ síbi tí ìtọ̀ rẹ̀ bá kán sí nítorí ṣúgà tó wà nínú rẹ̀. Bí irú ológbò bẹ́ẹ̀ bá darúgbó, tó sì kú mọ́ yín lọ́wọ́, ọ̀fọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹkún nìkan. Iṣẹ́ wà ńbẹ̀: òkú tó yẹ kí a sin dáadáa, oògùn àti abẹ́rẹ́ tó lè ṣe ẹlòmíràn léṣe, àti ìgbà méjì lójúmọ́ tí ọwọ́ yín yóò máa wá iṣẹ́ tí kò sí mọ́. Àwọn ará Àkúrẹ́, Oǹdó àti àyíká wọn la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, nítorí ilẹ̀ ibí, ooru ibí àti ojú tí àwọn èèyàn ibí fi ń wo ológbò ló máa sọ bí ẹ ó ṣe ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ó ti kú

Ẹ má kánjú níbí. Ológbò tó ń gba ínsúlínì lè dákú bí ṣúgà ara rẹ̀ bá já wálẹ̀ jù. Ara rẹ̀ á rọ, á tutù, èémí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ẹni tí àyà rẹ̀ ti já á sì ké pé ó ti lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ṣì lè wà ńbẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ títẹ́jú níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wo ìhà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko láìfọwọ́ kàn án, bóyá ó ń gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì sí àyà rẹ̀ lápá òsì, lẹ́yìn ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú gan-an, níbi tí ọkàn ti máa ń lù. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí ìka yín wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 mìíràn, nítorí ọkàn tó ti rẹ̀ kì í lù kíkan. Ẹ rọra fi ìka kan igun ojú rẹ̀. Bó bá ṣẹ́jú, ó wà láàyè. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹyinjú rẹ̀. Bí dúdú àárín rẹ̀ bá sún kì, ó wà láàyè.

Bí ẹ bá rí àmì ìyè kan ṣoṣo, ẹ mú oyin tàbí glúkóòsì tí ẹ fi omi díẹ̀ pò, bíi ṣíbí kékeré kan, kí ẹ sì fi pa ẹran ìdí eyín rẹ̀. Ẹ má dà á sí i lọ́fun, nítorí ológbò tó dákú kò lè gbé nǹkan mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Bí ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà bá wà nítòsí, ẹ wọ̀n ọ́n: 60 mg/dL sísàlẹ̀ ti kéré jù. Ẹ wé e sínú aṣọ kí ara rẹ̀ lè móoru, ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ sì máa gbé e lọ. Ínsúlínì kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́ títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.

Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ ṣì dúró. Òkú ológbò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gan lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, àgbọ̀n àti ọrùn ló sì ń ṣáájú kí ó tó kan ẹsẹ̀. Ẹ rọra gbìyànjú láti la ẹnu rẹ̀. Bí àgbọ̀n náà bá ti le, tí kò yà mọ́, iyèméjì ti tán. Ẹ má ṣe sin ín kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àfi tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nǹkan kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Bí ológbò náà kò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, tó sì jẹ́ pé ìwà rẹ̀ yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan tó kẹ́yìn, tó ń bu àwọn ará ilé jẹ, tàbí tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ rárá. Gìrì tí ṣúgà tó já wálẹ̀ ń fà lè fara jọ dìgbòlugi. Kí ẹni tó bá ti bù jẹ tàbí tó ha léèékánná fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún dókítà ẹran kí ẹ tó sin ín.

Kí ara rẹ̀ tó gan

Ẹ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ẹ yí ìrù rẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tó bá ń sùn. Bó bá gan pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà, ihò ńlá lẹ máa gbẹ́, kò sì ní wọ páálí. Ojú rẹ̀ lè má pa dé. Bẹ́ẹ̀ ni ti ológbò rí, kì í ṣe pé ó jìyà. Ìtọ̀ máa tú jáde, nítorí àpò ìtọ̀ máa ń dẹ̀ bí ẹ̀mí bá ti bọ́, ti alátọ̀gbẹ sì máa ń pọ̀. Ẹ tẹ́ táwẹ́lì àtijọ́ tàbí pámpáàsì sábẹ́ ìdí rẹ̀.

Nítorí ṣúgà inú ìtọ̀ yẹn, èèrà kò ní pẹ́ dé. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí tábìlì kékeré ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ tábìlì náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo mílíìkì tí omi wà nínú rẹ̀. Kí tábìlì má kan ògiri, kí aṣọ tí ẹ fi bò ó má sì wọ́ nílẹ̀, nítorí ibẹ̀ lèèrà máa gbà gòkè.

Ní ti ooru, ọjọ́ náà ló yẹ kí ẹ sin ín. Bó bá kú lálẹ́, ẹ fi omi dídì sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì tò ó yí ikùn rẹ̀ ká, nítorí ikùn ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ẹ má gbé e sínú fíríìsà tí oúnjẹ yín wà. Ọ̀rọ̀ iná ìlú wa kì í ṣe ohun tí a lè gbára lé lórí irú nǹkan báyìí.

Àsìkò yìí náà ni kí ẹ mú ohun ìrántí. Ẹ gé irun díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì fi sínú àpòòwé oníwèé. Bó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù, á rin, á sì bu. Bí ẹ bá fẹ́ àmì àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ra ìnkì òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé, ẹ fi kàn án lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì tẹ bébà mọ́ ẹsẹ̀ náà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ bébà, ó máa ń fà, á sì dọ̀tí. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èyí tó dára jù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó pa á, dókítà ẹran lè ṣí òkú náà wò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nínú òtútù, láìdì gbagidi. Bó bá ti dì, inú ara rẹ̀ á ti bàjẹ́.

Ibi tí ẹ máa sin ín sí

Bí ilé yín bá jẹ́ ti ìyálégbé, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù kí ẹ tó kó ọkọ́. Ojúmọmọ sì ni kí ẹ gbẹ́ ẹ. A mọ̀ pé ẹlòmíràn máa fẹ́ fi bojú alẹ́ kí wọ́n má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí aládùúgbò máa rí: ẹnì kan ń gbẹ́lẹ̀ lóru, ó sì ń ri nǹkan mọ́lẹ̀. Ológbò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń so mọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ́ tẹ́lẹ̀! Ẹ sọ fún ilé tó kàn yín ní ọ̀sán pé ológbò yín kú, ẹ fẹ́ sin ín. Gbólóhùn kan yìí máa gbà yín lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀.

Ẹ jìnnà sí kànga àti bọ́ọ̀hóòlù tó mítà 30, ìyẹn bí ìṣísẹ̀ 40 àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Òkè-Àró tàbí Ìjọ̀kà kò ní ààyè tó báyìí láàárín ògiri wọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí oko mọ̀lẹ́bí, kí ẹ má sì sin ín sí etí odò.

Ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn àti ní fífẹ̀, kí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tó ológbò tí a ká. Bó bá jẹ́ pé dókítà ló fi abẹ́rẹ́ fòpin sí ìrora rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jìn tó 4, nítorí oògùn náà máa ń wà nínú ẹran ara òkú, ajá tó bá wú u jẹ lè kú. Ilẹ̀ Àkúrẹ́ níbi púpọ̀ jẹ́ yangí, àpáta kò sì jìnnà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ da omi korobá kan sí ojú ibẹ̀, ẹ dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó mu, kí ẹ tó fi díígà bẹ̀rẹ̀. Bí díígà bá kan àpáta kí ó tó jìn tó bó ṣe yẹ, ẹ yí ibòmíràn padà. Ẹ má tan ara yín pé ẹ ó fi yẹ̀pẹ̀ kún un lókè. Nígbà òjò, bí omi bá ń sun nísàlẹ̀ ihò, ibẹ̀ náà kò dára. Ẹ wá ibi tó ga sí i.

Aṣọ òwú ni kí ẹ fi wé e: àǹkárá àtijọ́, táwẹ́lì, aṣọ tó máa ń sùn lé. Kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì onírọ́bà. Òkú tó wà nínú náílọ́ọ̀nù kì í tètè jẹrà, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèèṣì gbẹ́ ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òórùn rẹ̀ á tú. Ẹ bọ́ ìdè ọrùn rẹ̀. Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí iyọ̀ lé e. Kò wúlò, kẹrosíìnì sì lè dé inú omi tí ẹ ń mu. Ẹ má fi ínsúlínì tàbí sírínjì sí i, bó ti wù kí ó máa ṣe yín bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Ẹ da yẹ̀pẹ̀ dé ìdajì, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wá to òkúta pẹlẹbẹ tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí i kí ẹ tó da èyí tó kù. Ajá ni ìdí rẹ̀. Òkúta tó wà lókè, ajá á tì í kúrò. Èyí tó wà láàárín yẹ̀pẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó rí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ ga tó íńṣì 6 sí ilẹ̀, nítorí á rì lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan. Bí ẹ bá fẹ́ gbin òdòdó sí i, ẹ dúró kó rì tán.

Ọjọ́ ìbí àwọn ológbò àgbàtọ́ kì í sábà yé ẹnikẹ́ni. Ẹ má méfò ọdún kọ sórí pákó. Ọjọ́ tó wọlé yín ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ọjọ́ tó lọ.

Oògùn, abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ

Láàárín ọjọ́ 3 ni kí ẹ ṣe èyí, kì í ṣe ọjọ́ tó kú. Ọwọ́ ẹni tó ń gbọ̀n kì í kó abẹ́rẹ́.

Ẹ wá ike líle tó ní ìdérí, bí ike ọṣẹ olómi tàbí ti bílíìsì tó ti tán. Ẹ ju gbogbo abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò sí i pẹ̀lú sírínjì wọn. Ẹ má gbìyànjú láti dé abẹ́rẹ́ padà tàbí láti ṣẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń gún ara wọn. Bí ike bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e, ẹ fi sẹ́lótéèpù yí ìdérí rẹ̀ ká, ẹ kọ «ABẸ́RẸ́» sára rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ sì gbé e fún dókítà ẹran tàbí ilé ìwòsàn tó ní ibi tí wọ́n ti ń sun abẹ́rẹ́. Ẹ má jù ú sí akitan: àwọn tó ń ṣa ike àti irin níbẹ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣa á.

Ínsúlínì tí ẹ ti ṣí, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe èèyàn, ì báà ṣe ológbò ẹlòmíràn. Ooru máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fojú mọ̀. Ẹ dá a padà fún dókítà ẹran tàbí apòògùn. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, dókítà ni kó pinnu. Ẹ fi sọ́kàn pé oríṣi méjì ló wà: ti ẹranko sábà máa ń jẹ́ yúníìtì 40 nínú mílílítà kan (U-40), ti èèyàn sì sábà máa ń jẹ́ 100 (U-100). Ẹni tó bá fi sírínjì U-40 fa ínsúlínì U-100 á gún ológbò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ ohun tó yẹ. Nítorí náà, sírínjì tuntun tó bá kù kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú páálí tí U rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà ṣeé fún ẹlòmíràn. Kí ẹ tó fún un, ẹ da àwọn ìwọ̀n inú rẹ̀ kọ sínú ìwé bí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n mọ́. Ohun tí ẹ fi ń gún etí rẹ̀ kò ṣeé fúnni. Abọ́ àti ibùsùn rẹ̀ kò léwu, àtọ̀gbẹ kì í ràn. Ọṣẹ àti oòrùn tó. Níbi tó tọ̀ sí, ọtí kíkan tí ẹ fi omi là ni kí ẹ lò. Ẹ má da bílíìsì lé ìtọ̀, èéfín tó máa yọ kò dára fún àyà.

Aago 6 àti aago 6

Ibi tí ọ̀fọ̀ yìí ti yàtọ̀ sí ti ológbò mìíràn nìyí. Ẹni tó ti ń gún abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti ọdún dé ọdún, ara rẹ̀ ti di aago. Ẹ máa jí. Ẹ máa na ọwọ́ sí fíríìjì. Bí ẹ bá pẹ́ lójú ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ní Ọjà Ọba, àyà yín á já kí ẹ tó rántí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má pa aláàmù náà lọ́jọ́ kan náà. Pípa á kò ní dá ara yín dúró; ẹ kàn máa jí, kò sì ní sí nǹkan tí ẹ máa ṣe. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ sì fún un níṣẹ́ mìíràn. Ní àárọ̀, ẹ jáde síta kí oòrùn tó mú, ẹ rìn fún bí ìṣẹ́jú 15. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mú ìwé tí ẹ ti ń kọ iye yúníìtì àti ìwọ̀n ṣúgà rẹ̀ sí, kí ẹ sì kọ ìlà kan síbẹ̀ nípa rẹ̀: bó ṣe ń ké, ibi tó fẹ́ràn láti sùn, ọjọ́ tó já gbà lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ máa sún aláàmù náà síwájú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kan títí á fi bọ́ sí àsìkò tó bá yín lára mu.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjì lẹ jọ ń tọ́jú rẹ̀, ẹ má retí kí ẹ sunkún bákan náà. Ẹni tó ń gún un lè dákẹ́ wọ́kú, kí ẹni tó ń bọ́ ọ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá.

Àwọn ìbéèrè tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn

«Bóyá mo fún un jù.» Ṣúgà tó já wálẹ̀ ní àmì: láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ológbò á máa gbọ̀n, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, gìrì á mú un. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló kọ oúnjẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó ń bì, tí ara rẹ̀ gbẹ, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, ọ̀nà mìíràn ló gbà lọ: ara rẹ̀ ń jó ọ̀rá nítorí ínsúlínì kò tó o tàbí àìsàn mìíràn ti wọ̀ ọ́. Ẹ mú ìwé ọjọ́ 3 tó kẹ́yìn lọ bá dókítà, kí ó kà á fún yín. Ìdáhùn tó ní ọjọ́ àti wákàtí nínú dára ju èyí tí ẹ ó máa rò lóru.

«Mo gbàgbé abẹ́rẹ́ kan.» Abẹ́rẹ́ kan péré tí a fò kì í sábà pa ológbò. Àwọn dókítà fúnra wọn ń sọ pé bí kò bá dáni lójú pé a ti gún un, kí a fò ó, kí a má gún un lẹ́ẹ̀mejì.

«Iná lọ, ínsúlínì gbóná.» Ínsúlínì tó gbóná kì í di májèlé, agbára rẹ̀ ló ń dín kù. Ṣúgà rẹ̀ á ti lọ sókè, kì í ṣe pé ẹ gún un pa.

«Kí ló dé tí mi ò tètè rí i?» Àgbà ológbò tí ẹ gbà tọ́ gbé ara rẹ̀ wá bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá, tó sanra, tàbí tó ti gba oògùn sítẹ́rọ́ìdì bíi prednisolone fún ìgbà pípẹ́, àtọ̀gbẹ ti lè máa bọ̀ kí ó tó mọ ẹnu ọ̀nà yín. Àrùn kíndìnrín náà sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti kọjá ọdún 10, ó sì máa ń mú wọn mu omi púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí àtọ̀gbẹ.

Àwọn ọmọ, àwọn àgbà, àwọn aládùúgbò

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé «ó ti kú, kò ní jí mọ́». Ẹ má sọ pé ó sùn, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun. Ẹ má sọ níwájú wọn pé abẹ́rẹ́ ló pa á, kódà bí ẹ bá fura bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá gbé abẹ́rẹ́ jáde, ilé á gbóná. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: bí màmá àgbà tàbí bàbá àgbà nínú ilé bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ọmọ máa so ó pọ̀ lọ́kàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fúnra yín. Ẹ sọ fún un pé màmá àgbà lè sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n, ológbò kò lè sọ. Pé wọ́n ń rí dókítà, wọ́n sì ń lo oògùn wọn. Kí ẹ tún bá màmá náà jókòó. Àwọn náà ti ń wo ìwọ̀n ṣúgà ológbò yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Ẹlòmíràn máa sọ pé «ológbò lásán». Ẹ má bá a jiyàn. «Ẹ ṣé, ó dùn wá ni» tó. Ẹni tó bá sọ pé «ẹ kú ìrọ́jú», ẹ jókòó tì í.

Bí oṣù bá kọjá tí ẹ kò lè jẹun, tí ẹ kò lè sùn, tàbí tí ó ń ṣe yín bíi pé kí ẹ má sí láyé, ẹ lọ rí dókítà èèyàn. Bó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣe yín, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Àkúrẹ́, kì í sì ṣe fún àwọn tó ń rìn níhòòhò lójú títì nìkan.

Àwọn ológbò tó kù

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn òkú náà kí ẹ tó gbé e jáde. Wọ́n lè máa ké, kí wọ́n máa wá a kiri. Oúnjẹ wọn ni kí ẹ ṣọ́. Ológbò tí kò bá jẹun rárá fún wákàtí 24, ẹ pe dókítà. Bó bá di ọjọ́ 2 sí 3, ọ̀rá lè kó bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, pàápàá bó bá sanra, ìyẹn sì lè pa á. Ẹ wọ̀n oúnjẹ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún un, kí ẹ sì wọ̀n èyí tó kù. Ojú lásán ń tanni.

Ní ti gbígba òmíràn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ ológbò wá fi tù yín nínú láìbéèrè. Bó bá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba àgbà mìíràn tọ́, ẹ ní kí dókítà yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí i pé ìpayà lásán máa ń gbé ṣúgà ológbò sókè lórí tábìlì dókítà, nítorí náà ìwọ̀n kan ṣoṣo kò tó láti sọ pé òun náà ní àtọ̀gbẹ. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò fructosamine, tó ń fi ìwọ̀n ṣúgà ọ̀sẹ̀ bíi 2 sẹ́yìn hàn, tàbí kí ẹ wọ̀n ọ́n nílé nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀.